Ọ́fíìsì tó ń kó ẹrù kiri: ta ló ni iṣẹ́ ìdọ́gba nínú ìjọba UK?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Maria Miller fipò mínísítà sílẹ̀ ní London. Owó ilé tó gbà lọ́wọ́ ilé aṣòfin ló dá wàhálà sílẹ̀. Mínísítà àṣà ni, ṣùgbọ́n òun náà ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ìdọ́gba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, David Cameron, olóòtú ìjọba, ti fi Sajid Javid sípò àṣà. Ó wá ku iṣẹ́ kejì. Nicky Morgan ni wọ́n pè fún un, àmọ́ Morgan wà lára àwọn aṣòfin tó dìbò tako òfin tó fàyè gba ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ní 2013, òfin ọ̀hún sì wà lára ohun tí mínísítà ìdọ́gba ń bójú tó. Ni wọ́n bá la iṣẹ́ kan sí méjì: Morgan gba ti àwọn obìnrin, Javid gba ti ìdọ́gba. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Morgan di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n tún pa méjèèjì pọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀, ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì kó ẹrù tẹ̀lé e lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá ń wo ìṣèlú bí ẹni wo eré lè rẹ́rìn-ín, kó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin Westminster ti ń bi ìjọba láti 2015: iṣẹ́ tó kan gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, abẹ́ ta ló yẹ kó wà? Bí kò bá sì di ṣíṣe, ta ni a ó mú?

Òfin Ìdọ́gba ti 2010 ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà. Òfin yìí ṣa àwọn òfin tí wọ́n ti ń ṣe ní ẹyọ ẹyọ láti àwọn ọdún 1970 jọ sójú kan, ó sì ka àbùdá mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ du ọmọnìkejì: ọjọ́ orí, ìpèníjà ara, ẹ̀yà àti àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́, jíjẹ́ akọ tàbí abo, yíyí ìdánimọ̀ akọ tàbí abo padà, irú ẹni tí ọkàn ẹni ń fà sí, ìgbéyàwó, oyún pẹ̀lú ìbímọ. Abala 149 rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2011, wá gbé ẹrù lé ìjọba fúnra rẹ̀ lórí. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan tó ṣe ìpinnu, ó gbọ́dọ̀ ro ibi tí ìpinnu náà máa já sí lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Òfin kò ní kí ìpinnu náà tẹ́ wọn lọ́rùn o. Ó ní kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n sì lè fi hàn pé wọ́n rò ó.

Ta ni yóò wá rí i pé wọ́n rò ó? Àjọ olómìnira kan wà, EHRC, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2007 nígbà tí wọ́n pa àjọ mẹ́ta àtijọ́ pọ̀, tó lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Nínú ìjọba fúnra rẹ̀, ọ́fíìsì kékeré kan ni. Láti 2007 títí di bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, GEO ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọ́fíìsì yìí ló ń tọ́jú òfin ìdọ́gba, òun ló sì ṣe ìlànà 2017 tó mú kí ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 250 máa kéde àlàfo tó wà láàárín owó oṣù ọkùnrin àti ti obìnrin lọ́dọọdún. Kò ní ilé ìwòsàn. Kò ní ilé ìwé. Kì í san owó ìrànwọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní ọlọ́pàá. Gbogbo ohun tó lè mú ìdọ́gba dé ilé aráàlú wà lọ́wọ́ mínísítà mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe agbára ni ibi tó jókòó sí àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú olóòtú ìjọba.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń pààrọ̀ orúkọ bó ṣe ń pààrọ̀ ilé, bí ọmọ tí ẹbí ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àǹtí kan sí ọ̀dọ̀ àǹtí mìíràn. Ilé iṣẹ́ owó ìrànwọ́ aráàlú ni wọ́n ti bí i ní 1997. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó dé ọ́fíìsì Kábínẹ́ẹ̀tì. Ó tibẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ okòwò, ó kó lọ sọ́dọ̀ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ní 2006, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 2007. Ìgbà tí ìjọba yí padà ní 2010, ó bọ́ sábẹ́ Theresa May nílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ àṣà ní 2012 àti ètò ẹ̀kọ́ ní 2014. Ní oṣù Kínní 2018 ó padà sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kí ọdún náà sì tó dé ìdajì, ó ti wà nílé iṣẹ́ tó ń rán owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Kò jọ pé ibi tó dára jù fún iṣẹ́ náà ni wọ́n sábà máa ń wò. Ẹni tí olóòtú ìjọba bá fún ní oyè ni ọ́fíìsì ń tẹ̀ lé.

Bóyá ẹ ó ní kí ni ibùjókòó ọ́fíìsì fi kan ìyá ọlọ́mọ ní Peckham, ní London. Ó kàn án gan-an. Mínísítà tó bá ní iṣẹ́ méjì, èyí tó tóbi ló máa ń borí lọ́jọ́ tí méjèèjì bá kọlu ara wọn, wọ́n sì máa ń kọlu ara wọn.

Ọdún àkọ́kọ́ pàápàá ti fi hàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Labour wọlé ní oṣù Karùn-ún 1997, Tony Blair fi Harriet Harman ṣe mínísítà owó ìrànwọ́ aráàlú, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kún un. Joan Ruddock ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn, àmọ́ iye mínísítà tí òfin gbà kí ìjọba san owó oṣù fún ti pé. Ruddock wá ń ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin láìgba kọ́bọ̀ lé owó aṣòfin rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó jà fún owó iṣẹ́ obìnrin, wọn kò rí owó iṣẹ́ san fún un! Kí ọdún náà tó parí, ìjọba fẹ́ gé owó ìrànwọ́ àwọn òbí tó ń dá tọ́mọ, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Harman, mínísítà fún àwọn obìnrin, ni ó dìde nílé aṣòfin láti gbè é lẹ́yìn, torí pé abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni owó ọ̀hún wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 47 nínú àwọn aṣòfin Labour dìbò tako ìjọba tiwọn. Harman kúrò nínú ìjọba ní oṣù Keje ọdún tó tẹ̀ lé e.

May náà bá tirẹ̀ pàdé. Ní oṣù Kẹfà 2010, kí ìjọba tuntun tó ka ètò ìṣúná pàjáwìrì, ó kọ̀wé sí George Osborne, mínísítà ètò ìṣúná, ó kìlọ̀ pé bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò bí gígé owó náà ṣe máa kan àwọn obìnrin, àwọn tó ní ìpèníjà ara àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ìjọba lè rú òfin. Osborne ka ètò ìṣúná rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Lẹ́tà náà jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ Fawcett Society gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbà pé ó níbi tó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọn kò yẹ̀ wò, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ gíga kò gbà kí ẹjọ́ náà lọ síwájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, May fúnra rẹ̀ ló kéde pé ìjọba kò ní jẹ́ kí abala kìíní Òfin Ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala yẹn ni ì bá mú kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ro ọ̀rọ̀ tálákà àti olówó mọ́ ìpinnu wọn. Mínísítà ìdọ́gba ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Scotland ṣí i fún ara wọn ní 2018, Wales ní 2021.

Èyí tó le jù ni ti Amber Rudd. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni nígbà tó gba oyè ìdọ́gba ní oṣù Kínní 2018, ọ́fíìsì GEO sì kó wá sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ Windrush fi bẹ́ sílẹ̀: àwọn ará Caribbean tó ti wá sí UK lọ́nà òfin láti 1948 wá, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ni ilé iṣẹ́ kan náà ń pè ní arúfin. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lé wọn nílé ìwòsàn, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn mìíràn padà. Ìlànà tó fa èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé England lásìkò náà. Òfin 2014 ló ní kí onílé máa bèèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ayálégbé, kó tó di pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé. Rudd fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin. Nígbà tí àjọ EHRC parí ìwádìí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2020, ó ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò ṣe ojúṣe tí Òfin Ìdọ́gba gbé lé e lọ́wọ́ bó ṣe ń gbé ìlànà náà kalẹ̀. Ọ́fíìsì tó yẹ kó ránni létí òfin yẹn ti gbé inú ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí á má parọ́, àwọn tó fara mọ́ iṣẹ́ méjì ní àwíjàre. Wọ́n ní mínísítà tó bá dá ìdọ́gba nìkan ṣe kò ní rí ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀ nínú Kábínẹ́ẹ̀tì, àti pé ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ nìkan ló lè ko mínísítà ètò ìṣúná lójú. Bí a bá wo lẹ́tà tí May kọ sí Osborne, a ó rí i pé kíkò lójú kò mú owó padà. Ó tún wá ṣeé ṣe kí á bèèrè ìgbà wo ni ọ́fíìsì yìí ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀. Láàárín 2007 sí 2010 ni, nígbà tó dá dúró lábẹ́ Harman tó ti padà wá, tó sì ti di igbákejì olórí ẹgbẹ́ Labour. Òfin Ìdọ́gba jáde láti ibẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó lágbára nínú ẹgbẹ́, tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn tó ń fà á lẹ́wù, ni ó sún mọ́ ohun tó yẹ jù. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ibi tí ilé aṣòfin ti wọlé nìyí. Láti 1979, ní Westminster, ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ń ṣọ́ ètò ẹ̀kọ́, ti ìlera ń ṣọ́ ìlera. Ẹ wá rò ó: ọ́fíìsì tó bá ń ṣí kiri, ìgbìmọ̀ wo ni yóò ṣọ́ ọ? Nígbà tó wà nílé iṣẹ́ àṣà, àwọn aṣòfin tó mọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n àti eré ìdárayá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ó bá dé ibẹ̀ rárá. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin láti inú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nílé aṣòfin dábàá pé kí ìgbìmọ̀ kan wà fún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2015, ilé aṣojú-ṣòfin dá Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Obìnrin àti Ìdọ́gba sílẹ̀, aṣòfin 11, fún sáà kan péré. Ọdún 2017 ni wọ́n tó jẹ́ kó dúró títí.

Ta ni alága àkọ́kọ́? Maria Miller. Ẹni tí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2014 ló wá ń bi àwọn tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀ léèrè. Ó mọ yàrá inú ilé náà, ó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Agbára irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lórí ìwé. Ó lè pe ẹni tó bá fẹ́, kó bèèrè ìwé tó bá fẹ́, kó gba ẹ̀rí lójú gbogbo ayé, kó kọ àbọ̀ ìwádìí. Ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì. Kò lè fagi lé ohunkóhun, kò sì lè fi agídí mú mínísítà ṣe nǹkan. Láti 2010 ni gbogbo ilé ti ń dìbò yan àwọn alága. Kó tó dìgbà náà, àwọn tó ń da ẹgbẹ́ òṣèlú bí ẹran ló ń pín oyè náà. Àtúnṣe yẹn ló jẹ́ kí alága tó wá láti inú ẹgbẹ́ ìjọba lè kọjú sí mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Miller ṣe bẹ́ẹ̀, Caroline Nokes tó gbapò rẹ̀ ní 2020 ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹfà 2018, ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ipò mínísítà yìí àti ibi tó yẹ kí GEO wà. Àkókò náà bọ́ sí i: láti oṣù Kínní ọdún yẹn nìkan, mínísítà mẹ́ta ti di oyè ìdọ́gba mú, Justine Greening, Rudd, àti Penny Mordaunt, ọ́fíìsì sì ti bá wọn dé ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ sọ pé ìṣíkiri yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́, pé ọ́fíìsì tó ní láti bá gbogbo ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, àárín gbùngbùn ìjọba ló yẹ kó máa gbé, ìyẹn ọ́fíìsì Kábínẹ́ẹ̀tì, kó sì dúró síbẹ̀. Ìjọba gbà. Ní oṣù Kẹrin 2019, GEO kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Kábínẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ aṣòfin kì í sábà rí irú èyí, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kó ṣẹ láàárín ọdún kan. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara tẹ̀ lé e dé ibẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Èyí tó ń ka iye ìyàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó yá, wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Equality Hub.

Ilé ti wà. Onílé ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án 2019, Liz Truss ló di oyè ìdọ́gba mú, mínísítà òwò ilẹ̀ òkèèrè sì ni. Lẹ́yìn ọdún méjì ó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, oyè ìdọ́gba ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì wà ní Kábínẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ mìíràn tàbí nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mínísítà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti oṣù Kejì 2020, Kemi Badenoch, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìṣúná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Adégòkè ni, wọ́n bí i ní Wimbledon, Èkó ló ti dàgbà. Nígbà tó di mínísítà ìdọ́gba pátápátá ní oṣù Kẹwàá 2022, òun náà ń ṣe mínísítà òwò. Ohun tí ìgbìmọ̀ gbà ní 2018 jẹ́ ìdajì: wọ́n fún ọ́fíìsì ní ibùjókòó, wọn kò fún un ní mínísítà tó ń bá a gbé.

Kòrónà ló kọ́kọ́ dán ìṣètò yìí wò. Ní oṣù Kẹta 2020, ọ́fíìsì ìdọ́gba àti àjọ EHRC jọ kéde pé àwọn kò ní fìyà jẹ ilé iṣẹ́ tí kò bá kéde àlàfo owó oṣù rẹ̀ lọ́dún náà. Ìdí tó ní ìtumọ̀ wà, ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ọdún tí kò sí ìṣirò ni ọdún tí àwọn obìnrin ń pàdánù iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ tí ilé ìwé lé wálé. Ìgbìmọ̀ kọ àbọ̀ mẹ́ta lórí ẹni tí àjàkálẹ̀ náà bá jù: ọ̀kan lórí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ọ̀kan lórí àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ọ̀kan lórí àwọn obìnrin. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní oṣù Kejì 2021, ó sì bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìṣúná pé kí wọ́n gbé àyẹ̀wò ìdọ́gba tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó náwó jáde fún aráyé rí.

Ìdí tí ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì hàn nínú ẹjọ́ kan. Ìjọba ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn lówó, wọ́n sì ń fi èrè tí ẹni náà jẹ ní ọdún mẹ́ta, láti 2016 sí 2019, ṣírò rẹ̀. Obìnrin tó bá bímọ láàárín ọdún yẹn, tó fi oṣù mélòó kan jókòó ti ọmọ, èrè rẹ̀ á lọ sílẹ̀, owó tó máa gbà á sì kéré. Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àwọn ìyá gbé ilé iṣẹ́ ìṣúná lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ìṣirò náà fi ẹ̀tọ́ du àwọn obìnrin náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú tí ìjọba wà jẹ́ kí àwíjàre rẹ̀ tó. Ìyá ọlọ́mọ gba ìdájọ́, kò gba owó. Bí mínísítà ìdọ́gba bá wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bèèrè kó tó di ọ̀rọ̀ adájọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, owó rẹ̀ kò sì tó owó agbẹjọ́rò.

Ní oṣù Keje 2022, ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ mìíràn jáde lórí àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró àti bí ibi iṣẹ́ ṣe ń ṣe sí wọn. Oṣù méjì ni ìjọba ní láti fèsì. Kí oṣù méjì ọ̀hún tó pé, Truss ti di olóòtú ìjọba, Nadhim Zahawi ti gba oyè ìdọ́gba. Kí Zahawi tó mọ ibi tí àga rẹ̀ wà, Truss ti lọ, Rishi Sunak ti dé, oyè ti dọ́wọ́ Badenoch. Mínísítà mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Oṣù Kínní 2023 ni èsì tó jáde, ìjọba sì kọ̀ láti dán ìsinmi pàtàkì fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ wò, ó ní òun kò rí ìdí tó fi yẹ.

Àbọ̀ oṣù Kẹrin 2023 kan ilé Yorùbá ní UK tààrà. Ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń kú nígbà oyún àti ìbímọ, tí ìwọ̀n ikú wọn nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn obìnrin funfun. Ètò ìkànìyàn 2021 ka àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé England àti Wales sí ohun tó lé ní 270,000, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ní àwọn tó ń darí ìlera kò fún ipa tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń kó ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i, ó sì fẹ́ kí ìjọba dá iye àti ọjọ́ tí àlàfo náà gbọ́dọ̀ parẹ́. Èrò ìjọba ìgbà náà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lábẹ́ Tony Sewell ti sọ ní oṣù Kẹta 2021 pé ìdílé, àdúgbò àti àṣà ló ń pinnu ọjọ́ ọ̀la ènìyàn ju ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ, Badenoch sì dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Àríyànjiyàn gidi ni, tí àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá ń ṣe láàárín ara wọn. Àmọ́ ìyá tó ń rọbí kò lè dúró kí wọ́n parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lábẹ́ mínísítà ìlera, òfin ìdọ́gba rẹ̀ sì wà lábẹ́ mínísítà òwò nígbà náà.

Labour padà wọlé ní oṣù Keje 2024. Wọ́n yí orúkọ padà: ọ́fíìsì náà di Office for Equality and Opportunity láti oṣù Kẹwàá. Ẹni tó di oyè mú ni Bridget Phillipson, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, bíi ti Nicky Morgan ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Anneliese Dodds ni wọ́n fi ṣe mínísítà kejì, iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn sì ni ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Keir Starmer, olóòtú ìjọba, kéde pé òun máa gé owó ìrànwọ́ yẹn láti fi ra ohun ìjà, Dodds fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2025, àga rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìdọ́gba sì ṣófo. Ẹ kà á láti òkè: Miller lọ nítorí owó ilé, Rudd lọ nítorí Windrush, ó padà sípò, ó tún lọ ní oṣù Kẹsàn-án 2019 nítorí ọ̀rọ̀ Brexit, Dodds lọ nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ìkankan nínú wọn tí iṣẹ́ mínísítà ìdọ́gba lé lọ. Oyè tí kò lè lé ènìyàn lọ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́.

Láti 2015 sí 2025, èèyàn mẹ́jọ ló ti di oyè náà mú, Rudd sì dì í mú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ wọn ti ní alága mẹ́ta: Miller, Nokes, àti Sarah Owen tó gbà á ní 2024. Àwọn akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló ń rántí ohun tí mínísítà ìjẹta ṣèlérí. Mínísítà tuntun lè dé ìjókòó, kí wọ́n ka lẹ́tà ẹni tó ṣáájú sí i létí, kó ní òun ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn 2018, ìgbìmọ̀ tún ṣí ìwádìí mìíràn ní 2021 lórí bí GEO ṣe lè wọnú gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba. Ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n padà sí.

Ní àárín ọdún 2025, ìjọba fẹ́ yan Mary-Ann Stephenson ṣe alága tuntun fún àjọ EHRC, ní àkókò tí iná ti ń jó lórí àjọ náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ ní oṣù Kẹrin pé akọ àti abo nínú Òfin Ìdọ́gba, bí wọ́n ṣe bíni ló túmọ̀ sí, àjọ náà ló sì ní láti kọ ìlànà tí ilé ìwòsàn, ilé ìtura àti ilé iṣẹ́ yóò máa tẹ̀ lé. Ìgbìmọ̀ Owen àti ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jọ fọ̀rọ̀ wá Stephenson lẹ́nu wò. Àwọn alága méjèèjì kọ̀wé sí Phillipson pé àwọn kò lè fọwọ́ sí i. Phillipson ka ìwé náà, ó yàn án. Stephenson gba iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ kan náà ni yóò sì máa pè é wá jókòó níwájú wọn láti ìgbà dé ìgbà.